Èémí Márùn-ún Lọ́nà Oǹdó

Ọkọ̀ mi kì í mu bẹntiróòlù.
Kì í hó, kì í tú èéfín;
bí mo bá ń bọ̀ ní Alágbàka, ewúrẹ́ ò tilẹ̀ mọ̀
àfi tí mo bá tẹ fèrè.
Iná ló ń mu. Iná sì wọ́n,
ìyẹn ni mo fi di ahun.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Ọyẹ́ ti fún Àkúrẹ́ lọ́rùn,
òkè ẹ̀yìn ilé wa ti wọ inú eruku lọ
bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Èrò mẹ́rin ni mo gbé:
Adúlójú, tó ń ta táyà àlòkù;
Màmá Fẹhìntọlá àti àpò kòkó rẹ̀ tí kò tíì gbẹ tán,
tí òórùn rẹ̀ kan bí ẹmu àná;
akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi nǹkan dí etí;
àti Tiwátọ́pẹ́, ọmọ ọdún méje, tí ikọ́ fée ń bá fínra.
Ìyá rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́ pé,
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa rí atẹ́gùn."

Mo ní, ẹ̀n-hẹ́n.
Mo wo ojú bátìrì: ìdá mọ́kàndínlógójì.
Bí mo bá ṣí fèrèsé, eruku.
Bí mo bá tan ẹ̀rọ amọ́kọ̀tutù kíkankíkan,
yóò máa lá bátìrì bí ajá ti ń lá àwo,
a ò ní dé Yàbá.
Mo bá pa ihò afẹ́fẹ́ dé,
mo ní kí èyí tó wà nínú ọkọ̀ máa yí ká,
kó máa yí ká,
bí omi ìṣanwọ́ tí gbogbo ilé ti tọwọ́ bọ̀.

Ó tutù díẹ̀. Ó dákẹ́. Inú mi dùn.
Nǹkan kan ń ké pin-pin-pin lábẹ́ dígí,
mo tẹ̀ ẹ́ pa.

Ká tó dé afárá Ọ̀wẹnà, Adúlójú yán.
Màmá yán. Akẹ́kọ̀ọ́ gbórí lé gíláàsì.
Èmi náà yán, ojú mi wúwo bí ọmọ ọlọ,
táyà bọ́ sí etí ọ̀dà—
ohùn ọmọ náà ló jí mi:
"Àǹtí, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yìí ti gbó."

Gbó.
Bí aṣọ. Bí owó tó ti la ọwọ́ púpọ̀ kọjá.
Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó kan, mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Eruku wọlé, ẹ̀mí bá a wọlé.
A jókòó síbẹ̀, à ń sín, à ń rẹ́rìn-ín ara wa.

Lọ́jọ́ kejì Akíndùró fa asẹ́ afẹ́fẹ́ yọ.
Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyẹ́ adìyẹ wà níbẹ̀.
Ó ní, "Bátìrì lò ń ṣọ́. Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀yin?
Ọkọ̀ yìí ní imú. Ó ń ka èémí tí ẹ mí jáde.
Ó pariwo fún ọ, o pa á lẹ́nu mọ́."
Ó kọ́ mi kí n mú inú ọkọ̀ tutù
kí n tó yọ okùn iná lára ògiri;
kí n jẹ́ kí imú náà fúnra rẹ̀ ṣí ihò,
díẹ̀ fún ẹnì kan, kó fẹ̀ sí i fún ẹni márùn-ún;
asẹ́ tó dí, ó ní, ló ń jẹ iná jù,
torí fáànù ń fi agídí mí.

Mo bi í pé èló ni mo fi ahun pa mọ́ lọ́jọ́ náà.
Ó ṣírò ó lórí fóònù rẹ̀, kò tètè sọ.
"Ìdá méjì."
Ìdá méjì!
Kò lè gbé mi dé Bọ́lọ́rundúró.

Tiwátọ́pẹ́ tún wọkọ̀ mi lánàá.
Ó na ọwọ́ sí ihò, ó ní, "Ó ń fẹ́."
Mo ní, ohun tó ń fẹ́ náà la fẹ́.
Ìdá mọ́kànlá ló kù nígbà tá a wọ Yàbá.
Kò sẹ́ni tó yán.