Àyè Ìṣẹ́tí

Tépù tí mo fi ń wọn ìbàdí ìyàwó
ni mo fi wọn ilé adìyẹ mi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà:
ìbú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó lé díẹ̀;
gígùn rẹ̀, mẹ́rin, bí a bá yọ ibi tí pákó ti jẹrà.
Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni Ṣóbọ̀wálé káfíńtà fi kàn án.
Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀,
kò ṣí nǹkan kan mọ́.

Odògbolú gbòòrò, ẹ̀hìnkùlé mi ni kò gbòòrò.
Kànga gba tirẹ̀, okùn aṣọ gba tirẹ̀,
ẹ̀gẹ́ tí ayálégbé kejì rẹ sínú ike gba ìyókù,
òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo wa.
Alàgbà Odùmúyìwá, onílé, ti nàka sí i:
"Aránṣọ, mẹ́ta ni mo rí. Kí n má rí ìkọkànlá."

Òpìpí mi ò mọ̀ pé onílé wà.
Ó ti wọ inú agbọ̀n àjákù aṣọ lọ,
ó wú bí àkàrà nínú epo,
ó ní òun fẹ́ sàba.
Mo gbé e kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ẹyin mẹ́tàlá ló wà nínú àwo.
Mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bébà àti bírò:
bí mẹ́tàlá bá pa, akọ mélòó? Abo mélòó?
Ọmọ ọjọ́ kan lè gbé inú fìlà,
ọmọ oṣù mẹ́ta ń fẹ́ yàrá tirẹ̀.
Akọ méjì nínú ilé ẹsẹ̀ mẹ́rin,
ogun tí kò sí ọba tí yóò parí rẹ̀ nìyẹn.
Mo yọ méjì fún Ẹfúnṣẹ̀san ní Àyépé,
tó ní òun yóò gba abo, tó tún ní òun kò fẹ́ dúdú.
Mo yọ ọ̀kan fún àṣá, nítorí àṣá kì í tọrọ.
Mo yọ...

Ohùn ìyá mi àgbà já lu bírò náà:
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Ìyá àgbà, ẹ dákun,
onílé ló kọ́kọ́ kà wọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo padà fi dá ara mi lóhùn.
Bí wọ́n bá gbé aṣọ ọmọ ọdún méje wá,
n kì í rán an mọ́ ọn lára.
Mo máa ń ká ìṣẹ́tí sínú, ìbú ìka mẹ́ta,
kí ìyá rẹ̀ lè tú u nígbà tí egungun bá gùn.
Ẹni tó bá ránṣọ fún òní nìkan
yóò tún un rán lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó di ẹyin méje.
Nínú mẹ́fà ìyókù mo dín mẹ́rin,
mo fi gàrí Ìjẹ̀bú tì wọ́n sọ́nà.
Mo gbé méjì fún onílé,
ó gbà á, kò bèèrè ìdí.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí méjèèje lára,
kí n lè dá àlejò mọ̀ bí adìyẹ mìíràn bá yọ́ wá yé sí i.
Lálẹ́ ọjọ́ keje mo tan iná fóònù sí wọn lábẹ́:
òkùnkùn kékeré kan ń mì nínú mẹ́fà,
iṣan rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú pupa.
Ìkeje mọ́ gaara, kò lọ́mọ.
Mo dá òun náà padà sábẹ́ ìyá rẹ̀.
N ò mọ ìdí.

Ọjọ́ kejìdínlógún rèé.
Ikùn òpìpí ti nu gbogbo ṣọ́ọ̀kì kúrò.
Mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó fẹnu sọ mí,
mo sì kà: mẹ́fà, méje... mẹ́jọ? Àbí mẹ́sàn-án?
Mo fa ọwọ́ mi yọ kí n tó dájú.

Mo ti pe Ṣóbọ̀wálé. Ó ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà ku ẹyọ kan,
bóyá kí òun kàn án sókè, kó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Adìyẹ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi nínú yàrá kan!
Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fi gún mi.
Lẹ́yìn náà mo ní kó máa bọ̀ lọ́la,
kó má gbàgbé ìṣó.