Òǹtẹ̀ Pupa

Èmi ni mo tẹ òǹtẹ̀ náà. Ọwọ́ mi yìí ni.
ÀṢÍRÍ, ní tàdáwà pupa, lórí ìwé ojú kan,
ní ọ́fíìsì wa lọ́nà Fátẹ̀, níbi tí fáànù ti ń kérora.
Orúkọ mọ́kànlá, ará abúlé kan lẹ́yìn Òmù-Àrán:
àgbẹ̀, abiyamọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì.
Rédíò ní mẹ́ta péré ló kú.
Mo kà á. Mo tún un kà.
Mọ́kànlá kọ̀, kò di mẹ́ta.

Ìyá mi, amọ̀kòkò Dàdá, a máa gbàdúrà lálaalẹ́:
"Ọlọ́run, bò wá láṣìírí."
Ebi wa ló ń wí, àti gbèsè.
Ta ní ń fi òkú ọmọ ọlọ́mọ bora?

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi di bùrẹ́dì,
mo fún Múfútáù oníròyìn.
Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta: ṣé ó dá ọ lójú?
Orúkọ mi, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀.
Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé abúlé náà, ó ka sàárè.
Ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ Jímọ̀;
kí wọ́n tó kírun Alásárì, wọ́n ti gbé e,
pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú fóònù ìyàwó rẹ̀,
pẹ̀lú ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀, nítorí òǹkà pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún rèé.
Wọn ò bi í bóyá irọ́ ni.
"Ta ló sọ fún ọ?"
Ààbò orílẹ̀-èdè, wọ́n ní. Òfin wà nílẹ̀.
Adájọ́ ní kí gbogbo èrò bọ́ síta
kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí i létí.

Ní Dàdá, ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò á fi ìka kàn án: kó, kó.
Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ ni yóò tú u fó.
Ìyá mi ò bá oníka jà rí.
Iná tí kò jó dáadáa ló máa ń bá wí.

Wọ́n ní ẹnu ọmọ Ìlọrin dùn ju iyọ̀ lọ.
Tèmi korò. Mo ń kí ọ̀gá, mo ń tẹ òǹtẹ̀.
Lánàá, ní Ìta-Àmọ̀dù, mo pàdé Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀,
abọ́ oúnjẹ tí wọ́n dá padà ní àgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo fẹ́ yà. Ó dúró.
"Ó ní kí n kí ẹni tí kò lè béèrè òun."

Tàdáwà ti ń gbẹ nínú páàdì.
Wọ́n ní lọ́la ni wọ́n ń kó tuntun dé.