Ọjọ́ Orí Yèyé

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú,
wọ́n béèrè ọdún tí wọ́n bí Yèyé.
Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.
Bọ̀dá Akíntádé ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
Àǹtí Oyèníkẹ̀ẹ́ ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún dájúdájú,
òǹtẹ̀wé ti mú gègé dání, ó ń wo aago.

Yèyé kì í fi ọdún ka ọjọ́ orí.
Igi ló fi ń kà á.
“Akíntádé àti kòkó etí odò, ẹgbẹ́ ni wọ́n.
Oyèníkẹ̀ẹ́ dé ní ọdún tí àgbàrá gbé afárá pákó lọ.
Ìyá rẹ ńkọ́? Ìyẹn bọ́ sí mi lọ́wọ́ lábẹ́ igi obì,
kòkó tí mo là lọ́jọ́ náà kò tíì kún agbọ̀n kan.”
Àwọn méjì tí kò dúró,
ó gbin ọsàn sí ibi tí wọ́n sùn.
Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a.
Bó bá já, ó já.

Ní aba, lẹ́yìn Oǹdó, níbi tí ọ̀dà parí sí,
kí àkùkọ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì
iṣu ti wà nínú eérú,
Yèyé ti ń pọ́n àdá lára òkúta ẹ̀yìnkùlé:
kerere, kerere.
Ìyẹn ni agogo tó ń jí wa.

Mo mọ òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ó jọ ọtí, ó jọ ọsàn tó fẹ́ rà.
Ó wà nínú gèlè rẹ̀, ó wà nínú ẹní rẹ̀.
Lọ́dún tó wá bá wa ṣe Kérésìmesì ní Akúrẹ́,
òórùn yẹn ló kọ́kọ́ wọlé,
Yèyé tẹ̀ lé e.

Akínṣùúrù lorúkọ ọkọ rẹ̀,
ṣùgbọ́n sùúrù kò sí ńbẹ̀.
Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, ariwo ni.
Yèyé kì í pariwo.
Kò mọ ìwé, ọrùn rẹ̀ mọ ìwọ̀n.
Ó gbé àpò náà lé orí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.
“Akọ̀wé, jọ̀ọ́, tún un wọ̀n.”
Akọ̀wé tún un wọ̀n.
Kílò mẹ́rin yọ jáde lábẹ́ òṣùwọ̀n bí eku.
Àpò méje lọ́dún yẹn ni ìyá mi fi di tíṣà.

Ṣé ẹ rí i, oko náà, ti bàbá Yèyé ni.
Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Adébínpé,
ni bàbá rẹ̀ gbin obì yẹn.
Nítorí náà Bọ̀dá Akíntádé gun ọ̀kadà lọ sóko.
Kòkó etí odò, ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀, ti gbẹ.
Ọsàn méjèèjì ṣì wà, èso kún abẹ́ wọn.
Ó dúró ti igi obì, ó yọ bàtà,
ó na apá méjèèjì, ó gbá a mọ́ra.
Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ara wọn.

Nígbà tó padà dé, ewé gbígbẹ ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.
Òǹtẹ̀wé ní, “Ọdún mélòó ni ká kọ, sà?”
Bọ̀dá ní, “Apá mi kò ká a.”
Òǹtẹ̀wé kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Àdá rẹ̀ wà nílé ìdáná ìyá mi báyìí.
Pípọ́n ti jẹ ẹ́ títí ó fi kéré bí ọ̀bẹ,
iṣu la fi ń bẹ.
Lówùúrọ̀ àná, kí ilẹ̀ tó mọ́,
mo gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé.
Mo dìde jókòó.
Ìyá mi ni. Irun rẹ̀ ti funfun,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
kò mọ̀ pé mo ń wo òun.