Ibi Tí Òpó Yọ Sí

Ìlú tí à ń gbé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gùn gbọọrọ,
Leominster,
ṣùgbọ́n bó bá dé ẹnu, Lẹ́msítà ni,
bí ẹni gé igi kó lè wọ inú ọkọ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe ọgbà fún àwọn olóko,
òpó, wáyà, géètì tí màlúù kò lè fi orí tì.
Ọkọ̀ mi àtijọ́ kú sórí òkè lóṣù tó kọjá.
Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Preece lọ,
tó ń ta píkọ́ọ̀pù lẹ́yìn ọjà àgùntàn.

Mẹ́ta ló tò síwájú mi nínú òjò winniwinni.
Èkíní, ìlà àga kan péré, ẹ̀yìn rẹ̀ ju mítà méjì lọ.
Èkejì ní àga kékeré tí orúnkún ti ń bá àgbọ̀n sọ̀rọ̀,
ẹ̀yìn rẹ̀ kò gùn, kò kúrú.
Ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn mẹ́rin, èèyàn márùn-ún,
ẹ̀yìn rẹ̀ mítà kan ààbọ̀.
Mo wò wọ́n láti imú dé ìdí: ọgbọọgba ni wọ́n gùn.
Ohun tí wọ́n fi kún àga, ara ẹrù ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ibùsùn ni wọ́n ń pe ẹ̀yìn ọkọ̀ lédè tiwọn.
Mo bá gòkè, mo dùbúlẹ̀ lóòótọ́,
kí n fi ara mi wọ̀n ọ́n.
Òjò ń kán sí mi lójú.
Preece wúkọ́, ó wo ibòmíràn.
Àrínpé ìyàwó mi figbe ta:
"Dìde níbẹ̀! Ta ní ń fi alààyè wọn pósí?"

Preece ní, "Tó o bá fẹ́ fa tírélà,
má wo gígùn ẹ̀yìn nìkan.
Tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fà,
ṣùgbọ́n bó o bá ti kó ẹrù kún ẹ̀yìn,
èyí tó o lè fà á dínkù.
Má sì jẹ́ kí ẹrù wúwo sí ìdí tírélà,
ọkọ̀ á gbé ìdí sókè bí ẹṣin tó fẹ́ ta ìpá."

Mo ṣírò. Òpó mi ju mítà méjì lọ díẹ̀.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ni bàbá mi ì bá wí,
ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlá wa lọ́rì pákó
láti Òkè-Igbó sí Ìbàdàn.
Síbẹ̀ lọ́rì kan kò gùn tó pákó rẹ̀ rí.
Àkísà pupa là ń so mọ́ ìdí wọn.
Èmi ọmọ ọdún méje ni mò ń so ó,
n ó wá sáré lọ jókòó síwájú,
níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń jó mi látẹ́lẹsẹ̀.
N kò rántí iye pákó kankan.
Ìgúnpá rẹ̀ ni mo rántí,
bó ṣe ń kàn mí léjìká tó bá ń yí jíà.

Mo yíjú. Ìbídùn ti wọ inú ẹ̀kẹta,
ó ń fi ìka ya ẹja sára dígí tí èémí rẹ̀ ti bò.
Akínsọlá ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu ní yíyà.
Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni mo sanwó fún.
Tírélà fún àwọn géètì, mo máa ń yá a.

Sátidé, ogún òpó. A ju pátákó ìdí sílẹ̀,
wọ́n ṣì yọ síta bí ẹsẹ̀ ẹni tó sùn sórí bẹ́ńṣì.
Mo wá àkísà títí.
Ìbídùn bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé rẹ̀ kan, pupa ni,
ó so ó ní kókó méjì mọ́ èyí tó yọ jù.
Ní ọ̀nà tóóró, tí igi ẹlẹ́gùn-ún ga lọ́tùn-ún lósì,
katakata kan pàdé wa. Mo ní láti fi ẹ̀yìn rìn.
Mo wo dígí: orí méjì tó yí padà sẹ́yìn,
ìbọ̀sẹ̀ kan tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.
"Dádì, díẹ̀ sí i.
Díẹ̀ sí i.
Ó tó."