Ọ̀kẹ́ Kan Kìlómítà

Ní Yemẹtú, kété tí wọ́n kírun àsùbáà tán,
mo gbé sikútà dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjèèjì,
mo fi àpótí jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn,
ìwé àjákọ lórí orúnkún, bírò létí.
Ìwé tí wọ́n fi tà á fún mi ti fàya níbi ìṣẹ́po,
ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ ilé kéú ti mọ wàláà:
ẹgbàajì kìlómítà, da ọ́ìlì nù;
ẹgbàáta, wo púlọ́ọ̀gì lójú;
ẹgbàáfà, pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́;
bó bá pé ọ̀kẹ́ kan géérégé, yọ bẹ́líìtì,
ì báà já, ì báà má já.

Ìlà ìkẹyìn yẹn ni Ìyá Ṣẹ̀yẹ ò gbà.
"Ohun tí ò tíì bàjẹ́, kí lẹ fẹ́ fowó tún ṣe?
Gáàsì ń tán lọ nílé ìdáná."
Mo ní, aya mi, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí,
igbó lápá ọ̀tún, igbó lápá òsì,
màlúù nìkan ni yóò gbọ́ mi bí mo bá ń pe mẹkáníìkì.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò yọ kọ́bọ̀.
Owó ìfẹ̀yìntì ló yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gáàtì.
Ṣọ́ọ̀kì so rọ̀ lórí okùn bí òkété lẹ́bàá títì Ìwó.
Ọmọdékùnrin kan kó bẹ́líìtì méjì lé mi lọ́wọ́,
ọ̀kan ń dán, ọ̀kan ò dán,
èyí tí ò dán ló gbówó lórí ní ìlọ́po mẹ́ta.
Mo tẹ̀ wọ́n, mo gbóòórùn wọn, mo fi èékánná ha eyín wọn,
mo ra èyí tó wọ́n,
mo tún gbé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan lé e.

Ṣọ́ọ̀kì kò sí nínú ètò.
Múfútáù ló béèrè, lábẹ́ igi fúrúùtù rẹ̀ ní Ìdí-Apẹ́,
sípáná mẹ́tàlá lẹ́nu bí ẹni tó fi pákò sẹ́nu:
"Bàbá, èyí tó wà níbẹ̀ ṣì lè gbé yín. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni?"
Mo ní rárá. Tó bá di Ìgbòhò, a ó di méjì.

Òjédòkun ni. Ogún ọdún la fi ka mítà omi láti ilé dé ilé,
èmi ń wa sikútà,
òun ń kọ nọ́ńbà lẹ́yìn mi, ó ń bú mi ní gbogbo kòtò.
Lọ́jọ́ tó kẹ́rù padà sílé, mo ní, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé,
màá wá gbé ọ lọ wo àpáta Ìgbẹ́tì.
Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin ti dé, wọ́n ti lọ.
Lóṣù tó kọjá ọmọ rẹ̀ pè: ojú kan ti kú,
èkejì, òjìji ló ń rí.

Múfútáù yọ bẹ́líìtì àtijọ́, ó nà án sí oòrùn.
Lójú tèmi, kò ṣe nǹkan kan.
Ó ká a sódì. Inú rẹ̀ ti la tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́
bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.
"Ẹ rí i? Kì í ké. Ó kàn ń já ni."

Mo ṣí ìwé mi, mo fàmì sí bẹ́líìtì, ọ́ìlì, páàdì bíréèkì.
Mo wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí,
iye kìlómítà tí ojú ọ̀rẹ́ fi ń gbó.
Wọn ò kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, kóòrùn tó ta, màá ti kọjá Mọ́níyà.
Bẹ́líìtì àtijọ́ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó,
ó ṣì lè gbé èèyàn dé abúlé kan.
Ìyá Ṣẹ̀yẹ ti fọ àṣíborí kejì, ó ní ó ń rùn.
Bí Òjédòkun ò bá rí àpáta, yóò fọwọ́ kàn án.
Afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn: méjìdínlọ́gbọ̀n.
Mo fagi lé e, mo kọ méjìlélọ́gbọ̀n.