Ọ̀bẹ Àpò Bàbá Mi

Mo fi ìnujú wé e,
mo tì í bọ àpò ṣòkòtò,
mo wọ mọ́tò ní gáréèjì Ọ̀fà lọ́jọ́ Ajé,
mo ń fọwọ́ kàn án láti Àjàṣẹ́ títí dé Ìlọrin
bí ẹni pé ó lè fò jáde.

Bàbá mi ló rà á
(àbí òyìnbó rélùwéè kan ló fún un, ìtàn náà pé méjì)
lọ́dún tí wọ́n gbé e kúrò nídìí sígínà
tí wọ́n sọ ọ́ di gáàdì ọkọ̀ ẹrù.
Irin méjì ló ń jáde lára rẹ̀, ńlá kan, kékeré kan,
èèkù rẹ̀ ìwo àgbọ̀nrín tí àtẹ́lẹwọ́ ti fá dán.

Mọ́míní, oníṣọ́ọ̀bù àlòkù lẹ́yìn Ìta-Àmódù,
ni wọ́n ní kí n wá.
Kò kí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.
Ó ṣí ọ̀bẹ, ó tẹ́tí sí bó ṣe ró.
"Ìró yìí dáa. Sípíríìn rẹ̀ kò tíì kú."
Ó pa á dé, ó tún ṣí i,
ó gbé e sún mọ́ fèrèsé,
ó wá dákẹ́.
Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ tí owó ń dín.

"Ta ló fọ ọ̀bẹ yìí?"

Mi ò dáhùn.

Ó ní ìpẹtà tó pẹ́ lára irin, tó dúdú, tó fara balẹ̀,
ẹlẹ́rìí ni; a kì í lé ẹlẹ́rìí jáde nílé ẹjọ́.
Ó ní orúkọ ẹni tó rọ ọ́ wà níbí tẹ́lẹ̀, nídìí irin,
"wò ó, ẹsẹ̀ lẹ́tà kan ló kù,
ìyókù ti bá eérú lọ."
Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n o,
láti ọjọ́ tí òun ti ń ra àlòkù, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé;
ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n tí kò lórúkọ,
ta ni yóò gbà pé òun ni?

Ó fa dúrọ́ọ̀. Nínú bébà tí epo ti rin
ó yọ ọ̀bẹ kan tó jọ tèmi bí ìbejì.
Ọgọ́ta ọdún nísàlẹ̀ àpótí.
Kò bẹ ọsàn kan rí. Kò gé okùn.
Ẹni tó ni ín kú láì ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.
"Èyí, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà, mi ò sì kánjú.
Tìẹ, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ọlá ìwo àgbọ̀nrín yẹn ni."

Mo wo méjèèjì lórí tábìlì.
Ọ̀kan sanra. Tiwa ti rù:
òkúta àtẹ̀gùn ilé wa ni bàbá mi fi ń pọ́n ọn,
irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Ó fi gé okùn àpò àlùbọ́sà tó ń ti òkè Ọya bọ̀,
ó fi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi,
ó fi gé ìwọ́ ọmọ tí obìnrin kan bí sínú ọkọ̀
kí wọ́n tó dé Jẹ́bà.
Àbíọ́nà lorúkọ ọmọ náà. Ó ti lọ́mọ báyìí.
Ṣé ìyẹn náà jẹ́ àbùkù lára ọjà?
Mi ò bi Mọ́míní. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ẹni tó fọ̀ ọ́.
Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ bàbá,
Màmá jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́,
ó ń fọ̀ ọ́ láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi wọ̀,
ó ní òun ò lè gbé ẹrù ọkọ òun fún àlejò pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Mo gba ọ̀bẹ mi. Mọ́míní ò bínú;
ó kàn ní kí n má fi omi kàn án mọ́,
kí n kán epo díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọ Ọ̀fà.
"Èló ni wọ́n ní?"
Mo ní owó tí wọ́n dárúkọ ò tó.
Màmá ò béèrè èyí tó tó.
Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná ṣí i,
ó fa agbọ̀n ànàmọ́ mọ́ra,
èèpo àkọ́kọ́ sì gùn dé ilẹ̀ kó tó já.