Ọkọ̀ Tí Màmá Àgbà Tẹ̀

Ní Tartu, agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán,
ilẹ̀ ti ṣú.
Odò Emajõgi ti sùn sábẹ́ yìnyín
bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n jí òun.
Èmi Tuuliki, ọmọ erékùṣù Saaremaa,
mo jókòó ní àjà kẹrin, nínú yàrá tó ń rùn kọfí àná,
mo ń kàwé gboyè kejì nínú iṣẹ́ sọ́fútíwià:
búrẹ́dì dúdú lọ́wọ́ òsì,
àṣìṣe mẹ́tàdínlógún lójú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kangro ní kóòdù dà bí ilé,
ìpìlẹ̀ là ń wò, a kì í wo ọ̀dà.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fàlà sí i nídìí.
Ṣùgbọ́n tó bá di òru,
tí Merlis tá a jọ ń gbé bá ti ń hanrun,
mo máa ń yọ́ ṣí irinṣẹ́ ayàwòrán tí ẹnikẹ́ni ò rán mi sí,
bí ọmọ tó ń yọ́ bu ṣúgà nínú agolo.
Mo fa ìlà, mo yí igun po kó má baà gún ni.
Mo yà á, mo ya á.
Mo tún un yà, ó tún yà kúrò lọ́nà tí mo ní lọ́kàn.
Oríṣi búlúù mọ́kànlá ni mo dán wò
fún bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí kò ju èékánná lọ.
Merlis jí, ó na ọrùn wò ó:
"Ṣebí búlúù náà ni gbogbo wọn?"
Mi ò dá a lóhùn.
Mo ti rí i pé ìkeje ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi, áàpù kékeré
tí àwọn ará erékùṣù á máa fi gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi.
Ìdánwò igba ó lé mẹ́rin ni mo kọ fún un,
gbogbo wọn yege, ojú kọ̀ǹpútà tutù bí ewé.
Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí,
bẹ́ẹ̀ mímì orí rẹ̀ ju ijó ẹlòmíràn lọ.

Mo gbé e relé nígbà ọlidé Kérésìmesì.
Màmá àgbà Leida, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
nu ọwọ́ ẹja nù, ó wá awò ojú rẹ̀ títí,
ó wo fóònù bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga.
Bọ́tìnnì mi ń dán nísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.
Kò rí i.
Ìka rẹ̀ lọ sókè tààrà,
sórí ọkọ̀ funfun kan tí mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.
Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà adití.

"Màmá àgbà, bọ́tìnnì ló yẹ kí ẹ tẹ̀."
"Tuuliki, ọkọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀.
Mi ò fẹ́ wọ bọ́tìnnì."

Màmá àgbà ló tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo tẹ́.

Lóru ọjọ́ náà, mi ò ṣí irinṣẹ́ kankan.
Mo mú pẹ́ńsù, mo yí ẹ̀yìn ìwé owó iná padà,
mo ya ọkọ̀: ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ tí ìka arúgbó ò lè ṣì.
Mo kọ ìdánwò karùn-ún lé nígba, mo sọ ọ́ ní Leida.
Ọjọ́ méjì gbáko ló fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀
kó tó gbà fún mi.

"Inú ìwé wo lo ti rí èyí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bèèrè.
Mo ní, "Ilé ìdáná ni, sà."
Ó pa ẹnu mọ́. Kò mi orí.
Ó kàn fi ìka ara rẹ̀ kan ọkọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀.

Lóṣù Èrèlé, Màmá àgbà pè láti etíkun Virtsu,
atẹ́gùn ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Ó ní òun tẹ ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbọ́.
Ó wá ní owó rẹ̀ ló wọ́n o,
níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo yà á,
ṣé mi ò lè yà á kó kéré?